Àpótí Mólékù tí Wọ́n ń Tà ní Lágéré: Ó Mọ Omi, Kò Mọ Iyọ̀

Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ìwé àti ohun èlò ilé ẹ̀kọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń ta àpótí kan báyìí fún àwa olùkọ́ kẹ́mísìrì àti fún àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Bọ́ọ̀lù ike kéékèèké aláràbarà ló kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń so bọ́ọ̀lù kan mọ́ èkejì, kí ọmọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ to mólékù tó jẹ́ pé ojú ìwé nìkan ló ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Lágéré ni mo ti ra tèmi, ₦18,000 ni wọ́n tà á fún mi, mo sì ń fi kọ́ àwọn ọmọ SS1 àti SS2 tí wọ́n máa ń wá gba lẹ́sìn lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti parí. Èrò mi lórí rẹ̀ kò ṣòro sọ. Nǹkan gidi ni fún gbogbo àdàpọ̀ kẹ́míkà tó jẹ́ pé mólékù ni ó kóra jọ di òun, ṣùgbọ́n bí a bá ti dé orí iyọ̀, káún àti àwọn àdàpọ̀ mìíràn tó jẹ́ pé áyọ́ọ̀nù (átọ́ọ̀mù, tàbí átọ́ọ̀mù mélòó kan tó so pọ̀, tó ní àmì ìròpọ̀ tàbí àyọkúrò) ló wà nínú wọn, irọ́ ni àpótí yìí ń pa fún ọmọ, irọ́ náà sì rọrùn láti gbà gbọ́ nítorí pé ọmọ ń fi ọwọ́ mú un, ó sì ń fi ojú rí i.

Ohun tí ẹni tó bá rà á yóò bá nínú rẹ̀ nìyí. Dúdú ni bọ́ọ̀lù kábọ́ọ̀nù, ihò mẹ́rin ló wà lára rẹ̀. Funfun ni ti háídírójìn, oníhò kan. Pupa ni ti ọ́síjìn, oníhò méjì. Búlúù ni ti náítírójìn, àwọn kan ní ihò mẹ́ta, àwọn kan ní mẹ́rin. Aláwọ̀ ewé ni kílórìn, imí-ọjọ́ jẹ́ yẹ́lò, gbogbo irin pátá sì jẹ́ aláwọ̀ eérú, láìya sódíọ̀mù sọ́tọ̀ kúrò lára kálísíọ̀mù. Ọ̀pá kúkúrú tó le wà fún ìdè ẹyọ kan, ọ̀pá gígùn tó ṣeé tẹ̀ sì wà fún ìdè onílọ̀ọ́po méjì àti mẹ́ta. Iye ihò yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé iye ìdè tí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan máa ń ní ni ó ń sọ. Ọmọ tó bá fẹ́ so háídírójìn mẹ́ta mọ́ ọ́síjìn kan yóò rí i fúnra rẹ̀ pé kò sí àyè, kò sì ní dúró de olùkọ́ kó tó mọ̀ pé H₃O kì í ṣe omi.

Àwọn àwọ̀ yìí ti pẹ́ láyé ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. August Wilhelm von Hofmann, ọmọ Jámánì tó ń kọ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, ni ó kó bọ́ọ̀lù onígi tí wọ́n fi ń gbá croquet wá síwájú àwọn tó wá gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Royal Institution ní ọdún 1865. Ó fi ọ̀pá so wọ́n pọ̀. Kábọ́ọ̀nù rẹ̀ dúdú, háídírójìn rẹ̀ funfun, ọ́síjìn rẹ̀ pupa, náítírójìn rẹ̀ búlúù, kílórìn rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ ewé, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú àpótí tí mo rà yìí. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ti Hofmann ni pé pẹrẹsẹ ni gbogbo mólékù rẹ̀ rí, bí ohun tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì. Ọdún 1874 ni Jacobus van 't Hoff, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, àti Joseph Le Bel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, dábàá, kálukú lọ́tọ̀, pé ìdè mẹ́rin tí kábọ́ọ̀nù ní kì í wà lórí ilẹ̀ kan náà, pé ńṣe ni wọ́n nà sí ọ̀nà mẹ́rin tó jìnnà síra dọ́gba-dọ́gba. Dígírì 109.5 ni igun tó wà láàárín méjì nínú wọn nínú mẹ́tíénì. Ẹni tó lu ihò sára bọ́ọ̀lù dúdú inú àpótí yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé bí ọmọ bá to mẹ́tíénì, tí ó gbé e kalẹ̀, háídírójìn mẹ́ta á dúró lórí tábìlì, ìkẹrin á kọjú sókè, kò sì sí bí ó ṣe lè yí i padà tí kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí igun ti ṣe pàtàkì ni àpótí náà ti wúlò jù lọ. Lójú ìwé, H–O–H ni a máa ń kọ sórí ìlà kan gbọọrọ, ọmọ á sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni mólékù omi ṣe nà. Ṣùgbọ́n ihò méjì tó wà lára bọ́ọ̀lù pupa kò kọjú síra wọn, nítorí náà bí ọmọ bá ti ki háídírójìn méjì bọ̀ ọ́, mólékù náà á tẹ̀, gẹ́gẹ́ bí omi tòótọ́ ṣe tẹ̀ ní dígírì 104.5. Títẹ̀ yìí ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tí átọ́ọ̀mù méjì jọ dì mú. Ọ́síjìn a máa fà wọ́n sọ́dọ̀ ju bí háídírójìn ṣe ń fà wọ́n lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a sì ní àmì àyọkúrò díẹ̀, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ háídírójìn á ní àmì ìròpọ̀ díẹ̀. Ká ní mólékù náà nà gbọọrọ ni, fífà ti ọ̀tún àti ti òsì ìbá pa ara wọn rẹ́, omi kì bá tí lágbára láti fa iyọ̀ ya. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́síàídì tí à ń mí síta ni ẹ̀rí: ọmọ á fi ọ̀pá gígùn mẹ́rin so ọ́síjìn kan mọ́ apá ọ̀tún kábọ́ọ̀nù, ọ̀kan mọ́ apá òsì, ohun tó tò náà á sì nà tààrà. Mólékù méjèèjì ní átọ́ọ̀mù mẹ́ta mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ni ọ̀kan, omi inú ìkòkò ni èkejì.

Ohun kejì tí mo gbóríyìn fún ni bí àpótí náà ṣe ń jẹ́ kí ọmọ rí i pé orúkọ átọ́ọ̀mù àti iye wọn kò tó láti mọ irú àdàpọ̀ tí nǹkan jẹ́. Mo máa ń fún ọmọ ní kábọ́ọ̀nù méjì, háídírójìn mẹ́fà àti ọ́síjìn kan, n ó sì ní kó tò wọ́n bó bá ṣe wù ú, kí ihò kankan má ṣe ṣófo. Àwọn kan á fi ọ́síjìn sí ìparí, láàárín kábọ́ọ̀nù kan àti háídírójìn kan, ohun tí wọ́n tò á sì jẹ́ ẹ́tánọ́ọ̀lù, èyí tó wà nínú ẹmu àti ògógóró. Àwọn mìíràn á fi ọ́síjìn sáàárín kábọ́ọ̀nù méjèèjì, wọ́n á sì ti to ohun mìíràn pátápátá, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ dimethyl ether. Dígírì 78 ni ẹ́tánọ́ọ̀lù máa ń hó. Èkejì ti hó tán kó tó gbóná dé ibi tí yìnyín ti ń yọ́, nítorí pé dígírì 24 sísàlẹ̀ òdo ni tirẹ̀, gáàsì sì ni lójú ọjọ́ tiwa. Ìdí rẹ̀ ni pé háídírójìn tó so mọ́ ọ́síjìn nínú ẹ́tánọ́ọ̀lù máa ń rọ̀ mọ́ ọ́síjìn mólékù tó wà nítòsí, tí wọn kò fi tètè tú ká. Mi ò rí bí n ó ṣe fi ṣọ́ọ̀kì àti pátákó kọ́ ọmọ ní èyí kó yé e tó bẹ́ẹ̀.

Iye bọ́ọ̀lù kò fi bẹ́ẹ̀ tó, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kíákíá. Dúdú jẹ́ 12, funfun jẹ́ 26, pupa jẹ́ 8. Gúlúkóòsì kan, tó gba kábọ́ọ̀nù 6, háídírójìn 12 àti ọ́síjìn 6, ṣeé tò dáadáa, ṣùgbọ́n ṣúgà tí à ń fi sínú tíì kò ṣeé tò, nítorí pé átọ́ọ̀mù 45 ló wà nínú mólékù rẹ̀, ọ́síjìn 11 sì wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀nà mẹ́ta tí pẹ́ńténì (kábọ́ọ̀nù 5, háídírójìn 12) lè gbà tò: èèyàn kò lè to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó fi wọ́n wéra, àfi tó bá ra àpótí méjì.

Ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ nìkan owó mi kò fi dùn mí ni ti yúríà. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin àgbàdo yí Ifẹ̀ ká mọ̀ ọ́n dáadáa, ajílẹ̀ funfun oníhóró kéékèèké tí náítírójìn pọ̀ nínú rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù kan, ọ́síjìn kan, náítírójìn méjì àti háídírójìn mẹ́rin ni mólékù rẹ̀. Bọ́ọ̀lù mẹ́jọ náà ni mo máa ń ní kí ọmọ tún tú palẹ̀, kó fi wọ́n to ohun mìíràn: náítírójìn oníhò mẹ́rin pẹ̀lú háídírójìn mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọ́síjìn, kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn kejì lórí ìlà kan ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀ka méjì ni ó dé yìí, kò sì sí ọ̀pá kankan láàárín wọn. Ti àkọ́kọ́ ni áyọ́ọ̀nù àmóníọ̀mù, tó ní àmì ìròpọ̀ kan. Èkejì ni áyọ́ọ̀nù sáyánéètì, tó ní àmì àyọkúrò kan. Ní ọdún 1828, Friedrich Wöhler, ọmọ Jámánì, fẹ́ ṣe àdàpọ̀ tí áyọ́ọ̀nù méjì yìí wà nínú rẹ̀, ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ sì jẹ́ yúríà, èyí tí wọ́n gbà tẹ́lẹ̀ pé inú ara ohun abẹ̀mí nìkan ni ó ti lè jáde. Iye átọ́ọ̀mù kò dín, kò lé. Àdàpọ̀ áyọ́ọ̀nù ló di àdàpọ̀ mólékù.

Inú ìyàtọ̀ yìí náà ni àbùkù àpótí náà wà. Kí ó lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí áyọ́ọ̀nù jẹ́. Átọ́ọ̀mù sódíọ̀mù ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 11, ọ̀kan ṣoṣo ló sì wà ní ìpele tó kángun síta. Kílórìn ní 17, méje ló wà ní ìpele ìta tirẹ̀, ìyẹn ni pé ó ku ẹyọ kan kó pé mẹ́jọ. Nígbà tí irin sódíọ̀mù àti gáàsì kílórìn bá pàdé, sódíọ̀mù á pàdánù ẹyọ kan tó wà níta náà, kílórìn á gbà á. Púrótọ́ọ̀nù 11 tó wà ní ọkàn sódíọ̀mù kò yí padà, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó kù jẹ́ 10, ó wá di áyọ́ọ̀nù tó ní àmì ìròpọ̀ kan. Kílórìn di áyọ́ọ̀nù tó ní àmì àyọkúrò kan. Wọn kò jọ di ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kankan mú gẹ́gẹ́ bí ọ́síjìn àti háídírójìn ṣe ń ṣe nínú omi. Àmì tó yàtọ̀ síra ló ń fà wọ́n mọ́ra, fífà yẹn kò sì ní ojú ọ̀nà kan pàtó, ọ̀tún, òsì, òkè, ilẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn ni ó ń lọ. Nínú hóró iyọ̀, áyọ́ọ̀nù kílórìn mẹ́fà ló yí áyọ́ọ̀nù sódíọ̀mù kọ̀ọ̀kan ká, sódíọ̀mù mẹ́fà ló sì yí kílórìn kọ̀ọ̀kan ká, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tò lọ títí dé etí hóró náà.

Kí wá ni ìwé pélébé inú àpótí náà ní kí ọmọ ṣe? Ó ní kí ó mú bọ́ọ̀lù aláwọ̀ eérú kan, kí ó mú bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ewé kan, kí ó fi ọ̀pá kúkúrú so wọ́n pọ̀, ó sì kọ NaCl sí abẹ́ àwòrán rẹ̀. (Ẹni tó ya àwòrán yẹn jẹ iyọ̀ ní gbèsè.) Ọmọ tó bá ti to èyí tán gbà pé iyọ̀ ní mólékù, pé méjì-méjì ni wọ́n so kọ́ra, àti pé sódíọ̀mù yìí ni ó ni kílórìn yìí. Ọ̀kan nínú wọn bi mí lẹ́yìn tí ó tò ó tán pé, "Mà, mólékù iyọ̀ mélòó ló máa wà nínú síbí kan?" Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, kò sì ní ìdáhùn, nítorí pé mólékù kankan kò sí níbẹ̀ láti kà. Ohun tó ṣeé kà ni áyọ́ọ̀nù: nínú gíráàmù iyọ̀ kan, áyọ́ọ̀nù sódíọ̀mù lé ní 10²², iye kílórìn sì bá a dọ́gba. NaCl tí à ń kọ kò ju pé ó ń sọ ìdọ́gba yẹn, ọ̀kan fún ọ̀kan.

Kí n má ṣe ṣe àìdáa sí àwọn tó kọ ìwé pélébé náà: sódíọ̀mù kan àti kílórìn kan tó so mọ́ra ní méjì péré wà láyé yìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dìgbà tí a bá mú iyọ̀ gbóná kọjá dígírì 1,400 tó fi hó di oru. Kò sí ọbẹ̀ tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà nínú ìmọ̀ náà pàápàá jà sí ọ̀rọ̀ yìí. William Bragg àti ọmọ rẹ̀, Lawrence, ni wọ́n fi ìtànṣán X wo inú hóró iyọ̀ ní ọdún 1913, tí wọ́n rí i bí áyọ́ọ̀nù ṣe tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọn kò rí mólékù. Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1915 ni wọ́n jọ gbà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 1927, Henry Armstrong, àgbàlagbà onímọ̀ kẹ́mísìrì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣì kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Nature láti fi ìtò onígun mẹ́rin yìí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé kò gbà pé àdàpọ̀ kẹ́míkà lè wà láìsí mólékù. Bí ẹni bíi tirẹ̀ bá kọ̀ ọ́, ọmọ SS1 tí wọ́n gbé ọ̀pá lé lọ́wọ́ kò jẹ̀bi.

Ìwọ̀n bọ́ọ̀lù náà tún wà nílẹ̀. Nínú àpótí yìí, bọ́ọ̀lù irin tóbi ju ti kílórìn lọ díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ átọ́ọ̀mù ni a ń sọ, n kì bá tí jiyàn, nítorí pé átọ́ọ̀mù sódíọ̀mù tóbi ju átọ́ọ̀mù kílórìn lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí sódíọ̀mù bá ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó dá wà níta, ìpele ìta yẹn ti lọ nìyẹn, áyọ́ọ̀nù rẹ̀ á sì súnkì dé píkómítà (ìwọ̀n kékeré gan-an tí a fi ń wọn átọ́ọ̀mù) 102 láti àárín dé etí. Kílórìn tó gba ẹyọ kan sí i á wú dé 181. Ẹni tó kéré tẹ́lẹ̀ ti wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ẹnìkejì, àpótí náà kò sì ní ọ̀nà kankan láti fi èyí hàn, nítorí pé bọ́ọ̀lù kan náà ni ó ń lò fún átọ́ọ̀mù àti fún áyọ́ọ̀nù.

Ohun tí irọ́ yìí ń bàjẹ́ kò pin sórí àwòrán. Ọmọ tó gbà pé iyọ̀ ní mólékù kò ní mọ ìdí tí iyọ̀ fi nílò dígírì 801 kó tó yọ́, nígbà tí yìnyín ń yọ́ ní òdo. Bí yìnyín bá ń yọ́, kò sí ọ̀pá kankan tó ń já nínú mólékù omi. Mólékù kan ló ń tú kúrò lọ́rùn èkejì, fífà tó wà láàárín mólékù sí mólékù kò sì lágbára púpọ̀. Iyọ̀ kò ní irú ibi tí kò lágbára bẹ́ẹ̀ tó lè ti tú. Gbogbo rẹ̀ ni áyọ́ọ̀nù ń fà láti ìhà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ iná mọ̀nàmọ́ná. Mo máa ń fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì, wáyà méjì àti gílóòbù kékeré kan ṣe é fún wọn: iyọ̀ gbígbẹ kò gbé iná, omi iyọ̀ gbé e, omi ṣúgà kò gbé e. Nínú omi iyọ̀, mólékù omi tó tẹ̀ yẹn ti yí áyọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ká, ọ́síjìn rẹ̀ kọjú sí sódíọ̀mù, háídírójìn rẹ̀ kọjú sí kílórìn, áyọ́ọ̀nù sì ń rìn fàlàlà. Ṣúgà yòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n odidi mólékù rẹ̀ ló yòrò, kò sí àmì ìròpọ̀ tàbí àyọkúrò kankan tí yóò gbé iná kọjá. Ìwé pélébé náà kò sọ ọ̀kankan nínú èyí.

Káún ló ṣòro jù, òun náà ni mo sì fẹ́ràn jù láti fi kọ́ni, nítorí pé ìdè oríṣi méjèèjì ló wà nínú rẹ̀. Èyí tí à ń fi sínú ewédú àti ẹ̀wà, bí ó bá mọ́, áyọ́ọ̀nù sódíọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù kábónéètì, áyọ́ọ̀nù báíkábónéètì, àti omi tó há sáàárín wọn. Áyọ́ọ̀nù kábónéètì fúnra rẹ̀ jẹ́ kábọ́ọ̀nù kan tí ọ́síjìn mẹ́ta so mọ́, ìdè tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tó wà nínú mólékù. Níhìn-ín, mo tún gbọ́dọ̀ yin àpótí náà díẹ̀: bí ọmọ bá fi ọ̀pá gígùn méjì so ọ́síjìn àkọ́kọ́, tí ó fi ọ̀pá kúkúrú kọ̀ọ̀kan so méjì tó kù, ihò kọ̀ọ̀kan á ṣófo lára bọ́ọ̀lù pupa méjì, ihò méjì yẹn ni mo sì máa ń tọ́ka sí pé ibẹ̀ ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì tí áyọ́ọ̀nù náà gbà láti ìta wà, òun ló fà á tí àmì àyọkúrò rẹ̀ fi jẹ́ méjì. Ohun tí ọ̀pá kò lè sọ ni pé ìdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gùn dọ́gba nínú kábónéètì tòótọ́, tí ọ̀kan kò jẹ́ onílọ̀ọ́po méjì ju àwọn yòókù lọ. Lẹ́yìn náà la óò fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ègé káún, yóò hó yeye, gáàsì tó ń jáde sì ni kábọ́ọ̀nù dáyọ́síàídì tí wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀. Sódíọ̀mù kò bá gáàsì náà lọ. Inú omi ọsàn ni ó dúró sí, áyọ́ọ̀nù ni ó ṣì jẹ́.

Fún iyọ̀, mo pa àpótí náà tì, ìlẹ̀kẹ̀ ni mo ń lò. Ní ìlú tí ìlẹ̀kẹ̀ kò wọ́n bíi tiwa yìí, kò ṣòro láti rí oríṣi méjì, kí ìbú kékeré lé díẹ̀ ní ìdajì ìbú ńlá, kí ó lè sún mọ́ ìṣirò 102 sí 181. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló máa ń tò di àpótí onígun mẹ́rin kékeré kan, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní gígùn, mẹ́ta ní gíga: ńlá 14, kékeré 13, tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, tí ńlá kan kò sì tẹ̀lé ńlá lórí ìlà kankan. Ńlá ni kó wà ní igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó bá bọ́ sí àárín gbùngbùn ni mo máa ń ní kí ọmọ ka àwọn tó fara kàn án, yóò sì ka ńlá mẹ́fà. N ó wá bi í pé èwo nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ìkejì rẹ̀, tí wọ́n jọ jẹ́ mólékù kan. Kò sí ẹni tó tíì dá mi lóhùn. Owó tí mo ná sórí èyí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àpótí náà.

Ìlẹ̀kẹ̀ dígí fúnra rẹ̀ tún jẹ́ ohun mìíràn tí ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù kò lè tò. Sílíkọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn ló so kọ́ra wọn káàkiri inú dígí láìní ìparí, láìsì ní ìtò tó gún, tí áyọ́ọ̀nù irin oríṣiríṣi sì há sínú àlàfo. Ìwádìí lórí àwọn ohun tí wọ́n hú ní Igbó Olókun ti fi hàn pé dígí tí àwọn ará Ifẹ̀ ń ṣe fúnra wọn láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ní kálísíọ̀mù àti alumíníọ̀mù púpọ̀ nínú, tí ó fi yàtọ̀ sí dígí tí wọ́n ń kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè. Mo máa ń mẹ́nu bà á fún wọn, n kì í sì í pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí WAEC kò ní bi wọ́n.

Ní ti ike náà, ó lágbára. Bọ́ọ̀lù kò là, ihò kò sì tíì gbòòrò. Ọ̀pá gígùn ni kò ṣe é gbára lé: ibi tí a bá tẹ̀ léraléra á di funfun, lẹ́yìn náà á dá. Ohun tí wọ́n fi ń yọ ọ̀pá kúrò nínú ihò wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n ó kéré jù fún ọwọ́ àgbàlagbà, èékánná ni mo ń lò. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé pélébé rẹ̀ látòkèdélẹ̀, bí èèyàn bá sì yọ ojú ewé iyọ̀ kúrò, èyí tó kù dára.

Ìṣesí ní ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́ mi lọ́rùn. Ìyá tó ni ibẹ̀ kò mọ kẹ́mísìrì, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe o," ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà lọ fi ọ̀pá tó dá hàn án, ó tú àpótí tó ṣí sílẹ̀ fún àfihàn, ó fún mi ní ọ̀pá gígùn mẹ́rin láìgba kọ́bọ̀. Kò ta bọ́ọ̀lù lọ́tọ̀, ó ní bí wọ́n ṣe dì í láti ilé iṣẹ́ ni òun ṣe ń tà á.

Olùkọ́ tó ní kíláàsì SS2, tó fẹ́ kọ́ wọn ní àwọn àdàpọ̀ kábọ́ọ̀nù, kí ó rà á, kí ó sì ra méjì bí ilé ìwé bá lè san án. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS1, tó jẹ́ pé ìdè kẹ́míkà ni wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, lè fi owó rẹ̀ pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀, kí ó ra ìlẹ̀kẹ̀ àti gọ́ọ̀mù ná. Ẹni tó bá sì máa rà á, kó ní kí wọ́n ṣí i lójú òun kó tó sanwó, kó ka bọ́ọ̀lù funfun, nítorí pé àwọn ni wọ́n kéré jù tí wọ́n sì ń yí sọnù jù, kó sì tẹ ọ̀pá gígùn kan wò bóyá ó máa di funfun.